Gbólóhùn Tí Mo Kọ Sínú Káàdì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le.

Ẹ ní kí n máa sọ ohun tí mo ń rí níbi iṣẹ́. Ti àárọ̀ yìí nìyí: kọ́tìnì tó ń mí bí ẹni tó sùn, oòrùn tó ń rọra rìn lórí ilẹ̀, ife omi méjì tẹ́nì kankan ò fẹnu kàn, télọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀, olóyún oṣù mẹ́rin, tí wọ́n jókòó bí àlejò nínú àlá ẹlòmíràn.

Ẹ̀jẹ̀ AS làwọn méjèèjì ní. Nọ́ọ̀sì ọ̀gá mi ló ń gba irú wọn nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ọmọ inú ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Èmi ni mò ń kọ àlàyé rẹ̀ sínú káàdì tí wọ́n ń mú relé.

Ọ̀gá bi wọ́n bóyá wọ́n ti pinnu. Télọ̀ ní, "Ìpinnu wo ló tún kù, Nọ́ọ̀sì? Ọmọ mẹ́ta wà nílé, ara wọn le koko. Káàdì yín ti sọ pé ẹ̀kẹrin ló máa ṣàìsàn." Ìyàwó ní láti ọ̀sẹ̀ méjì lòun ti ń lálàá pé òun ń ka ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, bóun bá ti dé orí ẹ̀kẹrin, ilẹ̀kùn á pa dé.

Ìyá mi, mo wo káàdì náà. Ìkọ̀wé mi ni: "Nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á ní àrùn náà." Mo jẹ́wọ́ níwájú wọn pé èmi ni mo ṣì í kọ. Ọ̀gá ò pariwo, ó ní kí n fẹnu ara mi tún un ṣe. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ilé-ọmọ kì í ka iye tó ti bí. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà mẹ́rin tirẹ̀. Ọ̀kan péré ló lọ sọ́dọ̀ àìsàn. Bó ṣe rí fún àkọ́bí yín ló rí fún eléyìí."

Télọ̀ ní, "Aṣọ tí ẹ gé fún wa ò bá wa mu nígbà náà!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ọ̀gá wá ṣàlàyé abẹ́rẹ́ tí dókítà fi ń fa omi díẹ̀ nínú ilé-ọmọ, àti pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó lè ba oyún jẹ́. Kò bá wọn yàn; kì í bá ẹnikẹ́ni yàn. Ọkọ fẹ́ kí wọ́n ṣe é, kó lè mọ̀. Ìyàwó ní, "Bàbá ọmọ mi, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ mi padà. Mi ò lè nà án sí abẹ́rẹ́." Ọkọ ní, "Ó dáa. Tí ọmọ bá dé, ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Kí Olúwa má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa di ẹrù lórí ẹlòmíràn. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Èmi ni,
Àbígbẹ̀yìn yín.

Àfikún: Tọkọtaya mẹ́fà mìíràn ti mú irú káàdì yẹn relé. Mo ti bá márùn-ún sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀kẹfà ò gbé e. Ọ̀la ni màá lọ kanlẹ̀kùn wọn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni mo tó gbé fóònù sílẹ̀.