Àwo Mọ́kànlá Tí O Ní Kí N Kó Padà

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ, mo sì kí apá rẹ lọ́tọ̀, nítorí apá tó ti ń lu ìlù láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹ lóhun tí à ń kí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó gbọ̀n. Ara mi le. Orúnkún kò dun àǹtí rẹ mọ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì sinmi.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní omi wọ yàrá tí ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ olórin ń kó nǹkan sí, gbogbo àwo tí ẹ ti ṣe ló bàjẹ́, pé kí n kó mọ́kànlá tí o ti ń fi ránṣẹ́ sílé padà kí wọ́n lè tún un tẹ̀. Ọmọ mi, ojú tì mí díẹ̀. O kò kọ ọ́ nígbà náà pé orin ni. O kàn kọ ọ́ pé àwo yín tuntun rèé. Èmi àti ìyá rẹ, kó tó kú, rò pé àwo oúnjẹ ni, ó sì ń yà wá lẹ́nu pé wọ́n lu ihò sí i láàárín, ọbẹ̀ á kúkú jò. Ìyá rẹ ní bóyá àwọn ará ìlú ńlá kì í bu ọbẹ̀ púpọ̀. A kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì de àlejò.

Mẹ́wàá ni mo bá níbẹ̀. Mo wá ìkẹrin títí, àṣé àǹtí rẹ ló fi ń bo ìkòkò. Ooru ti jẹ́ kó ká bí etí ajá.

Èmi àti àǹtí rẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ atúnrédíòṣe tó ní giramafóònù, kó bá mi wò ó bóyá wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó fi àkọ́kọ́ sí i. Kò pẹ́ tó fi pa á, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó pààrọ̀ wáyà, ó tún fi sí i, ariwo náà ni. Ìgbà tó ka ara páálí rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ òun kò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ṣe é. Ó ní pọ́ńkì ni wọ́n ń pe orin náà, pé ẹni tó bá kọ ọ́ tó dùn jù, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Àǹtí rẹ ní òun ń lọ sílé lọ wo ohun tó wà lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná. Èmi jókòó ní tèmi, o mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi la pákó nídìí ẹ̀rọ, ariwo kì í lé mi.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbọ́ ọ tán, atúnrédíòṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Nínú àkọ́kọ́, ẹ ń sáré bí ẹni tó jalè. Nínú ìkẹta, ọkùnrin tó ń kọrin ń bínú sí ìjọba, nínú ìkẹfà, ó ń bínú sí onílé, nígbà tó fi máa di ìkẹjọ, ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ìkẹrin tó ká yẹn ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n atúnrédíòṣe ní bóyá èyí gan-an ló dára jù.

Nínú ìkẹsàn-án, orin kan wà tí gbogbo wọn dákẹ́, tó ku ìwọ nìkan. Ò ń lù ú jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì fẹ́ jí ará ilé. Ó pẹ́ gan-an. Mo ní kó bá mi wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ ṣe orin náà. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ ni. Ọjọ́ méjì péré lo lò nílé nígbà yẹn, omijé kan kò bọ́ lójú rẹ, èmi fúnra mi ló sọ fún ẹbí pé ọkàn ọmọ yìí ti yigbì. Mo ní kó tún un fi sí i. Nígbà tó tán, mo lọ bá àǹtí rẹ, mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ yẹn. Mo ní ọmọ náà sunkún. Ibòmíràn ló ti sun ún.

Ní pósófíìsì, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ ohun tó wà nínú ẹrù. Mo kọ ọ́ pé ariwo. Akọ̀wé ní àwọn kì í gbé ariwo. Mo ní ó ti dákẹ́, àfi tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ló bá lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ti kú, mo ra páálí kan lọ́wọ́ télọ̀, wọ́n ní kì í ṣe irú rẹ̀. Má fi owó náà sínú fóònù mọ́ o. Èyí tí o fi sí i lọ́jọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Àwo mẹ́wàá lo máa rí gbà. Ìkẹsàn-án wà lọ́wọ́ mi, n kò fi í ránṣẹ́. Wá mú un fúnra rẹ, kí o sì lò ju ọjọ́ méjì lọ. Ọlọ́run á sìn ọ́ wálé, á jẹ́ kí o bá mi lórí ìjókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.