Ilẹ̀kùn Mẹ́rin Pijó Wa Tó Di Méjì

Ṣakété, lẹ́yìn ìrun alaasari

Fàdílátù ọmọ mi, Àṣàbí mi,

Àná ni ọ̀rọ̀ mọ́tò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, mò ń wo Háàrúnà tó ń bá wa mọlé, bó ṣe ń to búlọ́ọ̀kù sí ẹnu ọ̀nà yàrá yín, èyí tó já sí ẹ̀yìnkùlé, ni mo bá dìde lójijì, mo ní háà, ohun tí Fàdílátù ń ṣe nìyẹn! Háàrúnà sọ irinṣẹ́ sílẹ̀, ó ń wá àkekèé kiri, ó rò pé ó ti ta mí.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi báyìí, ó ń wo ẹnu bírò mi, ó ní ta ló kọ́ mi kí n máa sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò fún ọmọ kí n tó kí i. Òótọ́ ló sọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé irin kò ta sí ọ lójú? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iná tí o fi ń jó irin pọ̀ jó ọ lára. Kí òòlù má ṣì ọ́ lọ́wọ́. Kí àwọn ará Akpakpa ní Kútọnu níbẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé obìnrin ń na irin ọkọ̀ wá fi ọkọ̀ tiwọn tó bá tẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, kí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé kí o máa jẹun ọ̀sán. Mo ti fi kún un.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí, akọ kan, abo kan, abo náà jọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ lójú, ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Àbídéènì tí a jọ ń wa Pijó nígbà ayé iṣẹ́ wa ń kí ọ, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ ti lọ ro ọkà báyìí, jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ṣì ń dùn ún, ó ní n kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síwèé. Tí o bá pè, má bi í léèrè.

Owó tí o fi sínú fóònù ti dé, Ọlọ́run á fi kún tìrẹ. A ò tíì mú un jáde. Ìyá rẹ fi aṣọ wé fóònù náà, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó ní níwọ̀n ìgbà tí owó bá wà nínú rẹ̀, kò yẹ kí á máa ṣí i kiri kí ó má baà jábọ́. Ìdí nìyẹn tí o fi pè wá pè wá tí a ò gbé e. A gbọ́ ọ. A jókòó ti àpótí náà, a ń gbọ́ bó ṣe ń dún, ìyá rẹ sì ń dá ọ lóhùn láti ìta àpótí pé a wà dáadáa.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Fàdílátù, fọ́tò yẹn dẹ́rù bà mí. Ìyá rẹ ṣí fóònù náà díẹ̀ kí a fi wo aago ìrun, fọ́tò náà sì jáde. Mo mọ Pijó wa lójú ẹsẹ̀. Imú rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yìn gígùn rẹ̀ nìyẹn, SÙÚRÙ tí mo kọ sára gíláàsì ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí ìkejì yẹ kó wà ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí orí Àbídéènì. Mo yí fóònù náà padà kí n lè wo ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́tò, ẹ̀yìn fóònù ni mo rí. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, mo ní fóònù yìí ti gbé ilẹ̀kùn mì, kí ó bá mi yọ ọ́. Ó wò ó, ó nu ojú rẹ̀, ó ní Bàbá, kò sí ilẹ̀kùn kankan nínú rẹ̀. Ọkàn mi wá lọ sọ́dọ̀ àwọn olè Akpakpa. Mo fẹ́ pè ọ́, ṣùgbọ́n owó wà nínú fóònù.

Ọlọ́run ló ní kí o fi ohùn rẹ ránṣẹ́. Ohùn náà jáde, mo kí ọ, o ò dáhùn, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo tún kí ọ. Mo ní ọmọ yìí ti kọ́ ìwà Kútọnu, ìyá rẹ ní kí n dákẹ́ kí n jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí o parí, mo ní kò yé mi, mo fọwọ́ kàn án, o sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún ní kò yé mi, o tún un sọ. Títí ilẹ̀ fi ṣú lo ń tún un sọ fún wa, ohùn rẹ kò sì le sí mi lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ayé òde òní ló ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, n kò purọ́.

O ní gbogbo ìgbà tí iná ojú pópó bá dá ọ dúró ní Akpakpa làwọn èèyàn ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra wọn, wọ́n á wọlé, wọ́n á ní kí o sọ àwọn sí Àjàṣẹ́. O ní ìyá kan ti gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ wọlé, ó sì ti sùn lọ kí o tó lè sọ fún un pé mọ́tò èrò kọ́ nìyí mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, nítorí mo mọ ẹja náà, mo mọ oorun náà. O ní ìdí nìyẹn tí o fi ń dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì, tí o sì ń fa ti iwájú gùn, pé àwọn kan wà ní Kútọnu tí wọ́n fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, wọ́n á máa wò ó bí ìyàwó tuntun. O wá ní tó bá parí, o máa wá gbé wa, èmi àti ìyá rẹ, lọ sí Fidjrossè, kí a lọ wo òkun.

Ìyá rẹ kò gbọ́ gbogbo ìyókù. Òkun ló gbọ́.

Èmi ni n kò gbọ́ ti òkun. Ilẹ̀kùn ni mo gbọ́. Mo sọ ọ́ fún Àbídéènì, ó sì fi mí ṣẹ̀sín lójú gbogbo èèyàn níbi tí a ti ń ta ayò. Ó ní ọmọ tó bá dín ilẹ̀kùn mọ́tò bàbá rẹ̀ kù, àlejò ni kò fẹ́. Ó ní kí n tètè lọ ra okùn, pé ojú fèrèsé ni wọ́n á ti máa fa èmi Búrẹ́mọ̀ wọlé. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìwọ náà mọ ilẹ̀kùn ọ̀tún ẹ̀yìn yẹn, tí ọwọ́ inú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rí. Bí a bá ti dé ọjà Dantokpa, èmi ni mo máa sọ̀kalẹ̀, kí n yí iwájú mọ́tò kọjá, kí n ṣí i láti ìta fún àwọn oníṣòwò. Wọ́n á ní ẹ ṣeun, Bàbá Aṣílẹ̀kùn. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn ní gbogbo etí ọ̀sà. Mo ní ṣé ọmọ mi ti wá dí ilẹ̀kùn tó sọ mí lórúkọ, ṣé àyè èmi àti ìyá rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Àfi àná tí Háàrúnà ń dí ẹnu ọ̀nà yàrá yín. Òjò ló ń gba ibẹ̀ wọlé, kò sì sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ jáde mọ́, ẹ ti lọ tán, ẹ̀yin tí ẹ máa ń yọ́ jáde níbẹ̀ tí ẹ rò pé a ò mọ̀. Ilẹ̀kùn iwájú ilé wa, ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, o rántí. Háàrúnà wá yọ pákó ilẹ̀kùn tó dí, ó fi tọ́ ti iwájú, ó kàn án mọ́ ọn, ti iwájú wá gùn dé ilẹ̀, ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ilẹ̀kùn tí o dí kò sọnù, ara rẹ̀ ni o fi tọ́ ti iwájú. Kì í sì í ṣe àwa lo ti ilẹ̀kùn mọ́. Èrò lo ti í mọ́.

Èrò yẹn gan-an, Àṣàbí, àwọn ló ń jókòó sí àyè ìyá rẹ. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, mo ní màá mú un lọ wo òkun. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ sí Kútọnu. Á wọ aṣọ tó dára, á ta gèlè, á jáde, mọ́tò á ti kún. Ẹlòmíràn á ti jókòó, owó rẹ̀ á sì ti wà lápò mi. Ìyá rẹ á ní kò burú, òkun kò ní gbẹ. Á bọ́ gèlè, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Títí mo fi fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà, kò rí ọjọ́ kan tí kò kún.

Nítorí náà, dí i. Dí i dáadáa, kí ó má fi àyè abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Fọ́tò kejì tí o fi ránṣẹ́, tí àga iwájú dojú bolẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ó ti ṣẹ́, o wá ṣàlàyé pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn kí èèyàn lè kọjá sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn àga náà. Àga tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ẹ ò rí i bí, èyí dára ju ọmọ Àbídéènì lọ. Kí ojú má baà tì wá níwájú àwọn ará Kútọnu, èmi àti ìyá rẹ ti ń kọ́ bí a ṣe ń wọ̀ ọ́. A to àga méjì sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, mo dojú ọ̀kan bolẹ̀, mo ní ó yá, wọlé. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́. Ó fi ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, ó há sáàárín, kò lè lọ, kò lè bọ̀, ẹ̀rín sì pa á débi tí Ṣàrífátù aládùúgbò wa fi sáré wọlé. Ó bi wá pé kí là ń ṣe. Ìyá rẹ ní à ń lọ sí Kútọnu. Ṣàrífátù wo àga, ó wo èmi tí mo di ọwọ́ mọ́tò tí kò sí mú, ó ní kí á bá òun kí wọn níbẹ̀.

Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ìyá rẹ gba ẹnu ẹ̀yìn pátápátá wọlé, èyí tó ń ṣí sókè, tí a fi ń kó iṣu. Ó wò mí, ó ní òun kì í ṣe àgbò Iléyá.

A ti wá pinnu pé iwájú ni ìyá rẹ máa jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Èmi á wọ ẹ̀yìn, èmi tí n kò jókòó sẹ́yìn mọ́tò yẹn rí láyé mi. Bá mi sọ fún ara rẹ kí o má sáré, nítorí ẹsẹ̀ mi á máa wá bíréèkì.

Bá mi wá fìlà tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n ní afẹ́fẹ́ òkun kì í mọ àgbà. Owó kọ́ ni mò ń béèrè lónìí, èyí tó wà nínú fóònù ò tíì jáde. Ṣùgbọ́n tó bá wù ọ́ láti fi díẹ̀ kún un, má fòyà, fóònù náà ṣì láyè.

Ọlọ́run á ṣí ilẹ̀kùn oore fún ọ, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní lè jó irin dí. Bí o ṣe rántí wa, ọmọ tìrẹ náà á rántí rẹ. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ á mọ́ fún ọ ní àlọ, á mọ́ ní àbọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Búrẹ́mọ̀.

Mo ti fọwọ́ sí i tán, ìyá rẹ sì ti lọ ṣa igi ìdáná, ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè kọ lójú rẹ̀. Gbogbo ìyàwó oníyàwó ni mo ti ṣílẹ̀kùn fún lójú ọ̀nà yẹn. N kò ṣí i fún un rí. Tí a bá dé Fidjrossè, mo fẹ́ yí iwájú mọ́tò kọjá, kí n ṣí ilẹ̀kùn gígùn yẹn fún un láti ìta, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó rí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni màá wà, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn. Ṣé àga tìrẹ náà ń dọ̀bálẹ̀, kí o lè kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kí n gba ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ tí mo mọ̀ jáde? Ìyá rẹ kò sì ní dúró dè mí, o mọ̀ ọ́n, bó bá ti gbọ́ ariwo omi á ti ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ṣé kí o bá mi yọ ọwọ́ inú ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó dà bíi ti ọ̀tún ẹ̀yìn ìjọ́sí, tó jẹ́ èmi ni mo ń ṣí i láti ìta, àbí kí ni ìwọ rí sí i?