Àtẹ̀gùn Tí Mo Fi Fáníìṣì Bò

Ilé wa,
Ọjọ́ Àìkú, lọ́sàn-án.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara gbogbo yín le? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Ara tèmi dá ṣáṣá, ọkàn mi ni kò dá. Wọ́n ti bọ́ simẹ́ǹtì tí wọ́n fi di egungun kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, ó sì ń bá ọ̀pá náà jà bí ẹni pé òun ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Kí ó má yà ọ́ lẹ́nu pé mò ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fi béèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín. O ti lè máa rò pé bàbá ti ń darúgbó. Ìtìjú ni, kì í ṣe ogbó. Ìyá rẹ kò yọ̀ lórí omi. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Àtẹ̀gùn ilé wa ló já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èmi ni mo sì fà á.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ìyá rẹ rí ìyẹ́ ikán tó jọ sójú fèrèsé pálọ̀. Ó tún rí ipa erùpẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ara ògiri lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó ń fín oògùn kòkòrò." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ojú-Ìwọ̀n, tí mo fi ogójì ọdún ṣe káfíńtà, tí mo lè fi ojú lásán sọ bí pákó ṣe gùn tó, kí àlejò wá máa bá mi wo igi nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kàn! Mo ha erùpẹ̀ náà kúrò, mo da kẹrosíìnì sí i, a ò sì rí ikán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mo ń fi ògiri náà hàn. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n kan kì í ta kókó omi sétí aṣọ. Èmi ta tèmi, mo tiẹ̀ ta á ní kókó méjì.

Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó kàn lọ pe obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Obìnrin náà kò tó ọ lọ́jọ́ orí. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó mú tọ́ọ̀ṣì àti sikirudíráfà kékeré lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń fi ìdí sikirudíráfà náà kan pákó kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹ́tí sí i. Ó bi mí níbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń gbà jáde. Ó bi mí bóyá gbòǹgbò igi wà lábẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ kí a tó da kankéré lé e. Nígbà tó dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn tí ẹ rí nìkan ni kẹrosíìnì yẹn lé lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé wọn wà, wọ́n á gba ibòmíràn wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ pákó karùn-ún yìí títí a ó fi tú u wò." Mo ní, "Ta ló kọ́ ọ ní igi?" Ó ní, "Igi kọ́ ni mo mọ̀, sà. Ikán ni." Mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á. Bí obìnrin náà ti lọ tán, tí ìyá rẹ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ náà, mo mú sikirudíráfà tèmi, mo fi gún pákó karùn-ún. Ó wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì. Ara òde nìkan ló kù, inú ti di erùpẹ̀. Mo mọ̀. Ọmọ mi, n kò ní àwáwí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé káfíńtà ni ikán ń jẹ, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Mo po èérún pákó mọ́ gúlúù, bí a ti ń ṣe sí àga tó lábùkù kí oníbàárà má bàa rí i. Mo fi dí ihò náà, mo fi sáńpépà fá a, mo sì fi fáníìṣì bo gbogbo àtẹ̀gùn kó lè bára mu. Mo ní màá fi pákó tuntun pààrọ̀ rẹ̀ tó bá yá, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá sí nílé. Ìyá rẹ wọlé, ó ní àtẹ̀gùn ń dán bí ọjọ́ tí a kó wọ ilé náà. Ó ní ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé iṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gbé aṣọ ibùsùn lọ sókè nítorí ìwọ àti àwọn ọmọ tí ẹ ń bọ̀. Mo wà lórí àga ní pálọ̀. Mo gbọ́ ìró pákó kí n tó gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú ihò náà dé itan, egungun sì ṣẹ́ nísàlẹ̀ orúnkún. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kó tó la ẹnu, mo ní ó tẹ omi ni, ó yọ̀. Ìyá rẹ wò mí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, omi ni." Ó rò pé n kò mọ̀ pé pákó náà ti bàjẹ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi Ojú-Ìwọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìwọ náà pè nírọ̀lẹ́. O ní, "Màmá, àìfarabalẹ̀ yín yìí ti pọ̀ jù." Ó bẹ̀ ọ́. Mo jókòó tì í, mò ń bó ọsàn. Nígbà tó yá, ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ pinnu pé ogbó ti dé sí i, pé kí ó kó wá sọ́dọ̀ rẹ níparí oṣù yìí kí ẹnì kan lè máa ṣọ́ ọ. Ó gbà. Kò bá yín jiyàn rárá, èmi náà kò sì sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ bẹ obìnrin oníkòkòrò náà. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí ògiri yíká, wọ́n da oògùn sínú ilẹ̀, wọ́n sì rí páìpù ilé ìwẹ̀ kan tó ń jò, tó ń fún ikán lómi mu láti ọjọ́ yìí wá. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára pákó méje tí kò dára mọ́. Mo ti rò pé ọ̀kan péré ni. Méje! Ó ń sàmì, mò ń gé, bí ọmọ iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó ń bọ̀ wá yẹ ilé wò.

Lánàá mo rí ìyá rẹ tó jókòó ti àpótí, tó ń ká aṣọ sínú rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ilé tí a jọ kọ́ ló fẹ́ fi sílẹ̀ nítorí orúkọ mi. Ara mi kọ̀ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò fẹ́ kí tèmi lọ ju báyìí.

Nítorí náà ni mo ṣe ka ìwé yìí sí i létí kí n tó parí rẹ̀, torí ìwọ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Níbi tí mo ti sọ pé mo mọ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sọ omi tíì kalẹ̀ lórí iná, ó padà wá jókòó. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ò lọ ibì kankan. Ó ní, "Ẹni tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ wà nílé yìí. Èmi ni màá máa ṣọ́ ọ." Láti ìgbà náà kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Jọ̀wọ́, òun ni kí o pè, má tíì pè mí.

Kí Olúwa bá mi dáàbò bò yín. Ilé yín ò ní dà wó mọ́ yín lórí. Àwọn ọmọ rẹ ò ní fi irọ́ bò ọ́ lójú, ìwọ náà ò sì ní rí ohun tí yóò mú ọ pa á fún wọn.

Èmi ni baba rẹ tí ojú ń tì.

Àfikún: Kẹrosíìnì tí mo ní kí o máa dà sí ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín, má dà á mọ́. Pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó wá wò ó. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí tèmi, tirẹ̀ ni kí o gbọ́.