Òjò Ò Dúró Dọ̀la

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Màmá ti ń yá. Orúnkún nìkan ló ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ mọ̀ pé èmi ni fọ́mánì níbi tá a ti ń la ọ̀nà tuntun. A kó erùpẹ̀ jọ sétí gọ́tà, mo wá ní ká fi àpò iyanrìn yí i ká tó bá dọ̀la. Òjò ò dúró dọ̀la. Kí n tó dé, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: ẹrẹ̀ àti epo tó jò lára kátakátá ti ya wọ adágún ẹja Àǹtí, àbúrò bàbá wa. Ẹja kú lọ bẹẹrẹ.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "O kúkú wá fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Gba agbọ̀n, bá mi ṣa ẹja tó kú." A jọ ṣà á tomijétomijé.

Ní báyìí, a kì í hú ilẹ̀ láìkọ́kọ́ to àpò iyanrìn, a sì gbẹ́ kòtò tí omi á ti tòrò kó tó ṣàn jáde.

Àǹtí ní kí n má sọ fún yín, kẹ́ ẹ má baà bínú sí mi. Ẹ bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Èmi àbúrò yín.