Ọpẹ́ Tí Mo Dú Lórí Morádéyọ̀

Magboro,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹjọ, 2006.

Adébánjí, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Dublin. Màmá wa ní Ifọ̀ ń kí ọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi ránṣẹ́ ti dé, wọ́n sì ń lò ó déédéé. A ti kan páànù ilé wa tán, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fún wa níná.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ti pa Morádéyọ̀ ọmọ mi lóṣù karùn-ún, mi ò lè kọrin mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ní kí àwọn tó ní ọpẹ́ bọ́ síwájú. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Dáníẹ́lì, ọkọ mi, di aṣọ mi mú.

"Ìbíwùnmí, kí lo fẹ́ dúpẹ́ fún?"

Mo ní, "Ọdún mẹ́fà tó lò lọ́dọ̀ wa."

Ó fi aṣọ mi sílẹ̀, ó sì jáde. Èmi nìkan ni mo rìn lọ síwájú, tomijé-tomijé. Inú mi kò dùn o, mo kàn dúpẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó rò pé mo ti gbàgbé ọmọ.

Jọ̀ọ́, bá mi pè é lórí fóònù, ó máa ń gbọ́ tìrẹ. Má wàásù fún un. Ní kó sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún ọ. Bó bá sunkún, jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, nítorí kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Kí Olúwa dá àwọn ọmọ tìrẹ sí. Kí wọ́n dàgbà, kí àwọn ni wọ́n sin yín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìbíwùnmí.