Itan Àgbò Tí Mo Fi Rán Sọ́jà sí Ọ

Mọ́nsúrù Àjàní, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kàdúná? Ṣé ọyẹ́ kò dà ọ́ láàmú? Ọlọ́hun tó ń ṣọ́ ẹyẹ lóko yóò máa bá mi ṣọ́ ọ. Bàbá rẹ kí ọ. Èlùbọ́ wa funfun lọ́dún yìí, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí ìbejì. Tíṣà Jẹ́ẹ́dé ló ń bá mi kọ ìwé yìí, ó ní kí n má sáré sọ̀rọ̀, mo ní ṣé ẹnu mi ni àbí tirẹ̀.

Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Iléyá ló jẹ́ kí n kọ̀wé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti yídì, bàbá rẹ ti dúńbú àgbò, ni ọkọ̀ àwọn sọ́jà bá kú síwájú ilé wa gan-an, lójú ọ̀nà Ṣakí. Háà, o ò rí eré! Ìyàwó Ràmọ́nì, ará ilé kejì wa, sá wọ inú àká, ó gbàgbé ọmọ sílẹ̀. Èmi ò sá. Ta ni n ó sá fún? Aṣọ tó wà lọ́rùn ọmọ mi ló wà lọ́rùn wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ kú àìsùn, ẹ̀yin tí ẹ ń sùn síta kí àwa lè sùn nínú ilé.

Wọ́n ń wò mí ni. Ọ̀gá wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Ládòkun, ní láti ìgbà tí òun ti wọṣẹ́ sọ́jà, wọ́n ti bú òun, wọ́n ti sá fún òun, ẹnì kan ò kí òun kú iṣẹ́ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé iyán fún wọn, mo bu ẹran lé e, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán pátá.

Àjàní, mo wá rí ìyanu! Ládòkun gbé rédíò kan jáde tó ní irin gígùn lórí, ó sọ fún un pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ mìíràn wá, rédíò sì dá a lóhùn! Tiwa ńlé, àwa la máa ń gbọ́ tirẹ̀, kì í gbọ́ tiwa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fi kí ọ. Ó ní Ìbàdàn lẹni inú ẹ̀ wà, mo ní kò burú, ṣebí sọ́jà lòun náà, á bá mi sọ fún ọ. Mo fi ìborùn borí, mo ṣàdúrà sínú ẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹni náà ṣe àmín, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

O mọ̀ pé itan àgbò, tìrẹ ni. Láti ọdún tí o ti lọ ni mo ti ń dín in, tí mo ń so ó sókè ààrò dè ọ́ títí yóò fi le bí igi, o ò sì wá. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ewé wé e, mo fi lé Ládòkun lọ́wọ́ pé kó fún Mọ́nsúrù ọmọ Àwáwù. Ó ní sọ́jà pọ̀, òun ò mọ̀ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Àwọn ọdẹ ìhín, bí ìbọn bá dún nínú igbó, wọ́n á ní ti lágbájá nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ kan náà wá ní ẹ ò mọra yín! Ó gbà á ṣá, ó bẹ́rí fún mi, èmi Àwáwù, bí ẹni pé ọ̀gágun ni mí. Omi wà lójú ẹ̀.

Bàbá rẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti jẹ itan náà kí wọ́n tó dé Ìṣẹ́yìn. Inú bí mi, n ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tó yá ni mo rò ó wò. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, jọ̀ọ́, kọ̀wé kí n mọ̀ pé o wà láàyè, ọkàn mi kì í balẹ̀. Bí kò bá dé, má bínú sí Ládòkun. Òun náà ní ìyá tó ń so ẹran dè é.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kẹrosíìnì ti gbówó lórí, ìró mi sì ti gbó. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yọ níbẹ̀, kí o fi ra ẹran fún ọmọ ọlọ́mọ tí kò rílé lọ lọ́jọ́ ọdún ní bárékè yín. Ilẹ̀ tí o ń ṣọ́ kò ní gbé ọ mì, ẹsẹ̀ rẹ yóò mọ ọ̀nà ilé. Bí ìyá kan lọ́hùn-ún bá sì na ẹran sí ọ, má bi í bóyá ó mọ̀ ọ́. Gbà á kí o jẹ ẹ́, èmi ni mo rán an.

Èmi ìyá rẹ,
Àwáwù