Ọkùnrin Tó Jókòó Síbi Ìwé Ìròyìn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọkọ Olóhùn-Jẹ́jẹ́, bí mo ṣe ń pe ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí mò ń kọ́ ní ìwé kíkà, wá sí ilé ìkàwé ilé ìwé wa lónìí. Mo ti mọ̀ pé yóò wá. Láti ọjọ́ Ẹtì tí ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọmọ wọn obìnrin tó sì fi ilé sílẹ̀ ni àyà mi ti ń já tí mo bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kí mi dáadáa, ó tiẹ̀ tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Wọ́n ní ìyàwó mi máa ń wá síbí. Kí ló máa ń kà?"

Mo ní a kì í sọ ohun tí ẹnì kan ń kà fún ẹlòmíràn, ẹni yòówù tí ì báà jẹ́. Òfin ilé ìkàwé ni. Ohùn mi ò gbọ̀n.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fa àga síbi tí a ń kó ìwé ìròyìn sí, ó kọjú sí mi. Kò ṣí ewé kan. Ìgbà tí mo fẹ́ tilẹ̀kùn ló tó dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó tún wá. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn bíi tíṣà.

Òní ni ọjọ́ kíláàsì àwọn obìnrin àdúgbò tó ń kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí. Wọ́n rí i níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ka ọ̀rọ̀ kan síta. Ìyá Télọ̀ tètè lọ sílé — ó ní òun gbàgbé láti pa iná irin tí òun fi ń lọ aṣọ. Irọ́ ni. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ọjọ́rú, 5

Kí n kọ ọ́ síbí, torí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Olóhùn-Jẹ́jẹ́ ò mọ A nígbà tó kọ́kọ́ wá. Ó sọ fún ọkọ ẹ̀ pé òun ń dúró de ọmọ òun ni. Kí ọdún tó yí, ó ti ń dá kàwé. Ní oṣù tó kọjá, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti na etí sí i kí n tó gbọ́.

"Àǹtí, ṣé ìwé kan wà tó sọ bóyá obìnrin lè gbé ọmọ ẹ̀ kúrò nílé ọkọ?"

Ìborùn rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀. Àpá ìka ọwọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, mẹ́rin lápá kan, àtàǹpàkò lápá kejì. Mi ò béèrè. Mo lọ mú ìwé òfin. A jókòó sẹ́yìn pẹpẹ ìwé atúmọ̀ èdè, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra ẹ̀ ló kà á. Ó kà á tán, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹni tó béèrè ìwé, mo fún un ní ìwé.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó wà. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá ẹ̀. Ó sọ fún mi kó tó lọ. Ì bá dáa ká ní kò sọ ọ́. Ẹ̀rù ẹnu ara mi ń bà mí báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ó wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá ilé ìwé wa kì í ṣe èèyàn burúkú, wọn ò kàn fẹ́ wàhálà ni. Wọ́n ní bàbá kan wá fẹjọ́ sùn pé mo ń kọ́ ìyàwó oníyàwó ní àgídí. Wọ́n ní, "Tó o bá mọ ibi tí obìnrin yẹn wà, sọ fún ọkọ ẹ̀, kí gbogbo wa lè sinmi."

Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ gbuu. Ojú wọn ni mo wò pa á.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo ti ọjà dé, mo bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀wàá hù bá àwọn gbé omi wọlé, ó tún béèrè nípa orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ó ní òun àti èmi jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

"Bàtà ẹ̀ ń dán bíi dígí," Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní oòrùn ló mú mi, lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo ẹ̀. Màmá ní ìbéèrè kan péré.

"Ṣé ó máa ń lù ú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní, "Lọ da omi yẹn nù." Mo ní kí wọ́n lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sá ni kó máa sá, àwọn ò jalè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Kò sí obìnrin kankan ní kíláàsì. Èmi àti ọkùnrin yẹn nìkan.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ní ìyá. Mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe ẹnikẹ́ni." Bí ẹni tó ń yá bírò ló ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13

Olóhùn-Jẹ́jẹ́ pè mí lórí fóònù. Ó ti lọ sí kóòtù. Lọ́yà ẹ̀ ń wá ẹni tó rí ọrùn ẹ̀ láti wá jẹ́rìí. Ó ní, "Àǹtí, tẹ́ ò bá lè wá, mi ò ní bínú." Ìyẹn ló tún le jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo ní màá wá.

Ọjọ́rú, 19

Kóòtù. Ọkọ Olóhùn-Jẹ́jẹ́ jókòó sí iwájú, ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí. Lọ́yà ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ mi ṣàfihàn ibi tí àpá ìka wà fún wọn lọ́rùn ara mi.

Akọ̀wé gbé ìwé wá kí Olóhùn-Jẹ́jẹ́ bu ọwọ́ lù ú, ó fẹ́ kà á fún un. Olóhùn-Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màá kà á fúnra mi." Gbogbo yàrá dúró dè é. Ó pẹ́.

Adájọ́ ní ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ á wà. Ọkùnrin yẹn ò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn, kò gbọdọ̀ dé ilé mi tàbí ilé ìkàwé. Ó jáde láìwo ẹnikẹ́ni. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìgbà tó ń wò mí lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ọ̀gá ti gbọ́. Wọ́n ní kí kíláàsì ṣì máa lọ títí táàmù yìí á fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, "a máa rí i."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Mo to àga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò retí ẹnì kan. Ìyá Télọ̀ dé, kò sọ̀rọ̀ iná irin. Ó jókòó, ó ṣí ìwé ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin méjì tí mi ò rí rí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan fi etí aṣọ bo ẹnu.

"Àǹtí, ṣé ibí ni wọ́n ti ń kọ́ni níwèé? A gbọ́ nípa obìnrin tó kàwé ní kóòtù."

Ó sọ aṣọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ètè ẹ̀ wú.

Ọkùnrin kan wà nílé tí obìnrin yìí ti ń bọ̀. Òun náà lè wá lọ́la, kó kí mi dáadáa, kó béèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń kà.

Mo fa àga méjì sí i. Mo béèrè orúkọ wọn, ká lè mọ lẹ́tà tí a ó fi bẹ̀rẹ̀.